Òǹkọ̀wé Kan Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀, Àwòrán Ìkànnì Bá A Lọ

Ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìkànnì tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. WordPress, ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì, ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Òǹkọ̀wé ibẹ̀ pọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe olóòtú, èmi sì ni wọ́n máa ń ké sí tí nǹkan bá yíwọ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ohun tó ṣe wọ́n lè ṣe ẹnikẹ́ni tó bá ń lo irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé wọn, obìnrin kan tó ti wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, rí iṣẹ́ síbòmíràn. Kò sí ìjà, kò sí ìta. Wọ́n dágbére fúnra wọn, ó sì lọ. Olóòtú wá wọ dáṣíbọ́ọ̀dù, ojú ìwé tí wọ́n ti ń darí ìkànnì, lọ láti yọ orúkọ rẹ̀, torí kò bójú mu kí ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣì máa rí ọ̀nà wọlé síbẹ̀. Èrò tó dára ni. Ó wá orúkọ obìnrin náà jáde láàárín àwọn òǹlò, ó tẹ Delete.

WordPress kì í ṣàdédé pa òǹlò tó ti kọ nǹkan rẹ́. Ó máa ń béèrè ohun tí o fẹ́ kó ṣe sí gbogbo ohun tó wà lórúkọ ẹni náà: ṣé kó pa á rẹ́ ni, àbí kó kọ ọ́ sórúkọ ẹlòmíràn. Olóòtú ro ìbéèrè yìí díẹ̀. Kó fi iṣẹ́ tí obìnrin náà fi òógùn ojú kọ sórúkọ ẹlòmíràn, olè ni lójú tirẹ̀. Ó sì gbà pé àpilẹ̀kọ tó bá ti jáde ti di ti ìwé ìròyìn náà, pé àwọn èyí tó kọ tì láàbọ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù lórúkọ rẹ̀. Ó yan píparẹ́. Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé yẹn kò tó láti la ẹni tí kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà lójú sí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìpè rẹ̀ fi wọlé. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìkànnì wa. Mi ò rí iṣẹ́ Àǹtí kankan mọ́. Àwọn tiwa tó kù gan-an, àwòrán ti kúrò nínú wọn.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló bà mí lẹ́rù.

Ti àpilẹ̀kọ kò ṣòro. Láti ẹ̀dà 2.9, tó jáde ní 2009, ni WordPress ti ní Trash, níbi tí àpilẹ̀kọ tí wọ́n bá pa rẹ́ ti máa ń wà fún 30 ọjọ́ kó tó lọ pátápátá. Tí wọ́n bá pa òǹlò rẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀, inú Trash yìí náà ni àpilẹ̀kọ rẹ̀ ń já sí. Mo bá gbogbo wọn níbẹ̀, mo sì kó wọn jáde. Àmọ́ láti ẹ̀dà 5.6, ohun tí a bá kó jáde nínú Trash kì í bọ́ sójú ayé fúnra rẹ̀. Draft, ìyẹn àpilẹ̀kọ tí kò tíì jáde, ló máa ń dà. Olóòtú ní láti tún wọn gbé jáde.

Àwòrán ni wàhálà wà. Lójú WordPress, ẹni tó gbé àwòrán sókè ló ni ín. Nọ́ńbà ẹni náà wà lára àwòrán bó ṣe wà lára àpilẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n Trash kì í gba àwòrán, àfi tí ẹnì kan bá dìídì tan ohun kan tó ń jẹ́ MEDIA_TRASH nínú wp-config.php, fáìlì tí wọ́n ń kọ ìṣètò ìkànnì sí. Kò sí ní títàn láti ilẹ̀. Bí àpilẹ̀kọ ṣe ń wọ Trash lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni fáìlì àwòrán ń kúrò lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà), èyí tí wọ́n gbé sókè gan-an àti gbogbo ẹ̀dà kéékèèké tí WordPress gé lára rẹ̀. Obìnrin yìí ló sì máa ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwòrán sókè, torí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi pòórá nínú iṣẹ́ àwọn tí kò lọ síbì kankan.

Backup, ìyẹn ẹ̀dà ìpamọ́ ìkànnì, ló yọ wá. Sáfà wọn máa ń ṣe é lóru. Mo kó fódà uploads, níbi tí fáìlì àwòrán wà, padà, mo sì kó àwọn ìlà àwòrán padà sínú dátábéèsì, ibi tí àkọsílẹ̀ ìkànnì wà, torí fáìlì nìkan kò tó: tí ìlà rẹ̀ kò bá sí nínú wp_posts, àtẹ (table) tí àpilẹ̀kọ àti àwòrán wà, WordPress kò mọ̀ pé àwòrán náà wà. Àwọn èyí tó gbé sókè lẹ́yìn backup tó kẹ́yìn ti lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀rọ̀ orúkọ. Àpilẹ̀kọ ti padà, àwòrán ti padà, àmọ́ ibi tó yẹ kí orúkọ òǹkọ̀wé wà ṣófo. Nínú wp_posts, column kan (òpó nínú àtẹ náà) wà tó ń jẹ́ post_author. Nọ́ńbà òǹkọ̀wé ló ń wà níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ. Ẹ jẹ́ ká pe tirẹ̀ ní 47. Nígbà tí wọ́n pa àkáǹtì náà rẹ́, 47 kò kúrò lára àwọn àpilẹ̀kọ inú Trash, torí kò sí ohun tó de table àpilẹ̀kọ mọ́ table òǹlò nínú dátábéèsì WordPress. Kóòdù nìkan ló mọ̀ pé wọ́n bára tan. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wá ń tọ́ka sí ẹni tí kò sí. Mo mú ìlà 47 jáde láti inú wp_users, table àwọn òǹlò, ti backup, mo mú àwọn ìlà rẹ̀ jáde láti inú wp_usermeta, table àlàyé nípa wọn, mo dá wọn padà sáyè wọn pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Mo tún ojú ìwé ṣí. Orúkọ rẹ̀ ti wà lórí gbogbo wọn, mi ò sì fọwọ́ kan àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo.

Ohun tí olóòtú fẹ́ kò ju kí obìnrin náà má lè wọlé mọ́ lọ. Ohun tí bọ́tìnì yẹn bá a ṣe ni pé ó gba ọ̀nà ìwọlé, ó gba orúkọ orí iṣẹ́, ó sì gba iṣẹ́ fúnra rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan mẹ́ta tí kò yẹ kí wọ́n jọ lọ rárá. Ohun tó bá ìfẹ́ rẹ̀ mu ni ohun tí àwa oníkóòdù ń pè ní soft delete: ìlà ẹni náà wà síbẹ̀ nínú dátábéèsì, a kàn fi àmì sí i pé ó ti lọ, gbogbo ibi tó bá sì kan ẹni náà lára ètò yóò máa wo àmì yẹn kó tó ṣe ohunkóhun.

Drupal, ètò ìkànnì mìíràn bíi WordPress, ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Láti Drupal 7, tó jáde ní 2011, tí o bá fẹ́ fagi lé àkáǹtì, ọ̀nà mẹ́rin ló ń gbé síwájú rẹ: kó ti àkáǹtì pa kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kó tì í pa kó sì gbé iṣẹ́ kúrò lójú ayé, kó pa àkáǹtì rẹ́ kó sọ iṣẹ́ di ti aláìlórúkọ, tàbí kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn ni olóòtú wa ń wá. WordPress kò ní in. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni kéèyàn gba ipò lọ́wọ́ òǹlò, kó fi sí “No role for this site”. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì burú, ṣùgbọ́n páswọ́ọ̀dù ẹni náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó kàn jẹ́ pé tó bá wọlé, kò ní rí nǹkan kan ṣe. Ipò tó wà tẹ́lẹ̀ náà ti sọnù; tó bá padà wá, èèyàn á máa fi orí rò ó bóyá Author ló jẹ́ àbí Editor.

A kọ plugin kékeré kan, àfikún tí a ń so mọ́ WordPress. Àmì tí a ń fi sí àkáǹtì jẹ́ ọjọ́ àti aago, deleted_at, inú wp_usermeta ló wà, nọ́ńbà ẹni tó fi síbẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn bi mí pé kí ló dé tí a kò fi kọ 1 fún ẹni tó ti lọ, 0 fún ẹni tó ṣì wà. Ọjọ́ ń dáhùn ìbéèrè tí 1 kò lè dáhùn: ìgbà wo ni, ṣé ó ti pẹ́ tó láti nu àwọn àṣírí rẹ̀, ṣé ṣáájú kí àpilẹ̀kọ kan tó jáde ni àbí lẹ́yìn rẹ̀. Column kan wà nínú wp_users tó ń jẹ́ user_status tó dà bíi pé ó ń pè wá. WordPress fúnra rẹ̀ kì í lò ó. Mo yẹra fún un, torí mi ò mọ plugin wo ló lè ti gba ibẹ̀ ṣe ilé.

Títí dé ibí yìí, iṣẹ́ tí kò gba àkókò ni. Ìlẹ̀kùn ló gba àkókò.

Ìwọlé pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù rọrùn. Filter kan, ibi tí plugin ti lè dá sí ohun tí WordPress ń ṣe, wà tó ń jẹ́ wp_authenticate_user; a fi síbẹ̀ pé tí deleted_at bá wà, kó dá ẹni náà padà. A dán an wò. Ọmọ iṣẹ́ kan jókòó bí ẹni pé òun ni òǹkọ̀wé tó ń lọ, ó wọlé, ó ṣí draft kan sílẹ̀. Èmi ti àkáǹtì rẹ̀ pa láti orí kọ̀ǹpútà tèmi. Mo ní kó jáde kó tún wọlé: wọn kò gbà á. Inú gbogbo wọn dùn. Mo ṣí i padà kó lè wọlé, mo wá tì í lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kó má jáde lọ́tẹ̀ yìí, kó kàn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó kọ gbólóhùn kan, ó tẹ Save. Ètò gbà á. Ó tẹ Publish, ètò tún gbà á. Ẹ̀rín tán.

Kúkì ló fà á, ìyẹn àmì kékeré tí ìkànnì ń fi sínú brówúsà. Ẹni tó bá ti wọlé kì í tún gba ojú páswọ́ọ̀dù kọjá; kúkì inú brówúsà rẹ̀ ló ń jẹ́rìí fún un, ìyẹn sì ń lo ọjọ́ 2, tàbí ọjọ́ 14 tó bá ti tẹ “Remember Me”. Láti ẹ̀dà 4.0 ni WordPress ti ń kọ àwọn ìwọlé tó ṣì wà láàyè sínú usermeta lábẹ́ session_tokens, nítorí náà àtúnṣe kò le: bí a bá ṣe ń kọ deleted_at ni ká máa ké sí àṣẹ destroy_all kó fagi lé gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á kàn rò pé òun ti ti ìlẹ̀kùn, nígbà tí ẹni tó wà nínú ilé ṣì ń jẹun lọ.

Èyí tó fi ara pamọ́ jù ni application password. Ẹ̀dà 5.6, ní oṣù Kejìlá 2020, ló mú un wá, kí áàpù orí fóònù tàbí ètò mìíràn lè máa wọlé láìlo páswọ́ọ̀dù èèyàn gan-an. Filter tí a fi ti ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ kò kàn án rárá. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Obìnrin náà ní ọ̀kan tó fi ń gbé àwòrán sókè láti orí fóònù rẹ̀. Ká ní a fi mọ sórí páswọ́ọ̀dù àti kúkì, fóònù yẹn ì bá ṣì máa gbé àwòrán wọlé. A pa gbogbo application password ẹni tí a bá ti àkáǹtì rẹ̀ pa rẹ́. A tún fi allow_password_reset dènà líǹkì àtúnṣe páswọ́ọ̀dù, kó má di pé ètò ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní lè wọlé.

Àríyànjiyàn díẹ̀ wà lórí ohun tí ètò yóò sọ fún ẹni tí wọ́n dá padà. Olóòtú fẹ́ kó sọ pé “Wọ́n ti ti àkáǹtì yìí pa.” Mi ò gbà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń dán oríṣiríṣi orúkọ wò lẹ́nu ọ̀nà yóò ti fi ìyẹn mọ ẹni tó wà àti ẹni tó ti lọ. A jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ kan náà tó ń sọ fún ẹni tí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ kò tọ̀nà.

Nǹkan kan wà tí mo fura pé ọ̀pọ̀ ìkànnì kò tíì rí. Nígbà tí ẹnì kan bá kọ kọ́mẹ́ǹtì sábẹ́ àpilẹ̀kọ, WordPress máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ náà. Ímeèlì ẹni tó kọ kọ́mẹ́ǹtì àti nọ́ńbà IP rẹ̀ ló wà nínú iṣẹ́ ìjẹ́ yẹn. A ti ti ẹni náà síta, ipò rẹ̀ sì wà bó ṣe wà nítorí pé a fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, WordPress wá ń bá a lọ láti máa fi àṣírí àwọn òǹkàwé ránṣẹ́ sí i lọ́nà jíjìn. Kò sí ẹni tó gé nǹkan kan kúrò tí yóò rántí wo ibẹ̀. Filter tó ń jẹ́ comment_notification_recipients ni a fi yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí ímeèlì ń lọ bá, a fi ti olóòtú rọ́pò.

Àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti fi ọjọ́ iwájú sí náà wà níbẹ̀. Wọ́n á jáde fúnra wọn tí ọjọ́ bá pé, ì báà jẹ́ pé òǹkọ̀wé wà tàbí kò sí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kóòdù. Plugin kàn ń tò wọ́n sójú ìwé kó tó ti àkáǹtì pa, olóòtú á sì pinnu.

Nígbà tó yá, obìnrin náà tún fẹ́ máa kọ nǹkan fún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tuntun kan tó ń tọ́jú ìkànnì náà kò bá a pàdé rí. Ó lọ ṣí àkáǹtì fún un, WordPress ní ímeèlì yẹn ti wà lórúkọ ẹnì kan. Ó wo inú àwọn òǹlò, kò rí i, torí a ti ní kí àwọn tí wọ́n tì pa má hàn níbẹ̀. Kò béèrè. Ó gba ímeèlì mìíràn lọ́wọ́ obìnrin náà, ó ṣí àkáǹtì kejì. Bí ènìyàn kan ṣe di méjì nìyẹn: àwọn iṣẹ́ àtijọ́ lójú ìwé kan, àwọn tuntun lójú ìwé mìíràn, orúkọ kan náà lórí méjèèjì.

Irú èyí ń ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ti ń lo soft delete, kì í ṣe lórí WordPress nìkan. Ìlà tí a fi pamọ́ ṣì di ímeèlì mú. Àwọn tó ń kọ ètò tiwọn lórí MySQL, ètò dátábéèsì kan, máa ń rò pé tí àwọn bá sọ ímeèlì àti deleted_at di unique (ohun tí kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́ẹ̀mejì) pa pọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. NULL, ìyẹn àyè òfìfo, ni deleted_at àwọn tó ṣì wà, MySQL kì í sì ka NULL kan sí ẹgbẹ́ NULL mìíràn. Àkáǹtì méjì tó wà láàyè á fi ímeèlì kan náà wọlé, unique kò ní sọ nǹkan kan. PostgreSQL, ètò dátábéèsì mìíràn, ní ọ̀nà tó mọ́ ju èyí lọ: index (atọ́ka) unique tó kan àwọn ìlà tí deleted_at wọn jẹ́ NULL nìkan. Ní ti WordPress, kò tilẹ̀ sí unique lórí user_email nínú dátábéèsì. Kóòdù ló ń ṣọ́ ọ. A wá kọ́ plugin pé tí wọ́n bá fẹ́ ṣí àkáǹtì pẹ̀lú ímeèlì ẹni tí wọ́n tì pa, kó fi ẹni náà hàn kó sì béèrè bóyá kí òun ṣí i padà. Iṣẹ́ tó wà lórí àkáǹtì kejì obìnrin náà, a kó o sórí 47. Ibi tí ọ̀nà tí olóòtú kọ́kọ́ pè ní olè jíjà yẹn ti wúlò nìyẹn: a pa àkáǹtì kejì rẹ́, a ní kí WordPress kọ ohun ìní rẹ̀ sórúkọ àkọ́kọ́.

Òǹkọ̀wé mìíràn tó ti lọ kọ̀wé wá, ó ní kí wọ́n nu gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa òun, ó sì tọ́ka sí abala 17 òfin ààbò dátà Yúróòpù, GDPR, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 25 oṣù Karùn-ún 2018. Níbí ni soft delete ti di irọ́ tí a kò bá ṣọ́ra. Ẹni tí a ti pa mọ́ lójú àwọn ẹlòmíràn ṣì wà lọ́wọ́ wa lódindi, pẹ̀lú ímeèlì, pẹ̀lú ìtàn ara rẹ̀ tó kọ sí profile. Oṣù kan ni òfin náà fún wọn láti dáhùn. WordPress ní irinṣẹ́ kan fún irú èyí láti ẹ̀dà 4.9.6, èyí tí wọ́n gbé jáde ní kété kí òfin yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àlàyé nípa ẹni náà lára kọ́mẹ́ǹtì ló ń nù. Kì í fọwọ́ kan àkáǹtì. Àwa la kọ́ plugin láti nu ímeèlì, ìtàn ara ẹni àti gbogbo ohun tó kù nínú usermeta yàtọ̀ sí deleted_at, kí ìlà náà wá di nọ́ńbà àti orúkọ tó ń hàn lórí àpilẹ̀kọ nìkan. Orúkọ yẹn kò kúrò. Abala 17 kan náà yọ ohun tí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ àti ìròyìn bá nílò sílẹ̀, ìwé ìròyìn náà sì dúró lé e. Wọ́n kọ ọ́ sínú èsì wọn láìfi bò. Ní ti backup, wọ́n sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú wọn títí tí ìgbà wọn yóò fi pé, a sì fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ kan, kó má di pé ẹni tó bá dá backup padà lọ́jọ́ kan á tún jí gbogbo rẹ̀ dìde.

Àwọn àkáǹtì tó kù tí wọ́n tì pa, àwọn tí kò sí ẹni tó béèrè, ètò ń ka ọjọ́ láti orí deleted_at wọn. Tí iye ìgbà tí wọ́n fẹnu kò sí bá pé, ìnùnù kan náà á ṣẹlẹ̀ sí wọn fúnra rẹ̀.

Ó ku bọ́tìnì Delete. A gba agbára tó ń jẹ́ delete_users lọ́wọ́ gbogbo alábòójútó, olóòtú pẹ̀lú, ó sì dùn mọ́ ọn pé kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Lábẹ́ rẹ̀, a fi kóòdù sórí action (ibi mìíràn tí plugin ti lè dá sí i) tó ń jẹ́ delete_user, èyí tó ń ṣiṣẹ́ kí WordPress tó fọwọ́ kan iṣẹ́ òǹlò kankan: tí àkáǹtì kò bá ní deleted_at, tàbí tí kò bá sí ẹni tí wọ́n fẹ́ kó iṣẹ́ rẹ̀ fún, gbogbo rẹ̀ á dúró síbẹ̀. Ó ń mú ẹni tó gba dáṣíbọ́ọ̀dù wọlé, ó sì ń mú ẹni tó lo WP-CLI, irinṣẹ́ tí a ń fi àṣẹ kíkọ darí WordPress, àfi tó bá fi --skip-plugins, tó ní kó má lo plugin, sí i.